Lórí Òrùlé, ní Kòlkátà

Ogójì ọdún ni Nirupam fi wa tírámù lórí irin ìgboro,
ó dúró bí òpó, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí bíréèkì,
títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.
Lóru, ìkérora rẹ̀ ni aago mi:
bó bá ti yíra padà tó ní "yéè,"
mo mọ̀ pé aago méjì ti lù.

Nígbà tí Tuhina, ọmọ ọmọ wa, tẹ́ ẹní sórí òrùlé,
tó ní kí bàbá àgbà wá kọ́ yógà,
mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin
tí kò lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà?
Bí a bá dàgbà, à yé ogun-ún jà. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà kò dá mi lóhùn.
"Ẹ mí sínú, bàbá. Ẹ má kánjú. Ẹ mí síta."
Ó fi ọwọ́ àti orúnkún gúnlẹ̀, ó nara bí ológbò,
ó wó lulẹ̀ bí àpò ìrẹsì.
Kannakánná ń wò ó láti orí wáyà.
Òjò dé, òjò lọ.
Ẹní kò kúrò níbẹ̀.

Lánàá, mo jí lóru, yàrá pa lọ́lọ́.
Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀:
ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, jẹ́jẹ́,
bí odò Húgílì ní ìdájí.
Ọkùnrin yìí ń sùn!

Èmi ni n kò mọ aago tó lù mọ́.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo rọra bọ́ bàtà,
mo gbé orúnkún mi tó ń dún kẹ́kẹ́
gun àtẹ̀gùn lọ bá wọn.