Epo Ilẹ̀kùn

Kọ́kọ́rọ́ méjìlélógójì ló ń dún ní ìgbànú mi.
Èmi ni alábòójútó ilé alájà mẹ́rin kan
ní Winnipeg, níbi tí òtútù ti ń bu etí èèyàn jẹ bí ajá.
Bí ẹ̀rọ amúlémóoru bá dákẹ́, èmi ni wọ́n ń pè.
Bí ọmọdé bá ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, èmi náà ni.
Ẹ má tíì pè mí ní èèyàn burúkú.

Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá,
ìwé kan ṣoṣo, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.
Èèyàn mélòó ló ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan?
Ṣé kíkà ló wá burú?
Mo kà wọ́n bí ẹni ń ka adìyẹ tó wọlé lálẹ́.
Ọmọkùnrin tó mú un wá bọ́ bàtà kó tó wọlé,
ó kí Ìbídùn ìyàwó mi, ó béèrè àwọn ọmọ.
Mo ní, ìjọba tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà,
kí nìyẹn fẹ́ fini ṣe?

Lóṣù kejì, wọ́n ní kí n fi orúkọ sí i.
Lóṣù kẹta: ta ló ń gba lẹ́tà láti òkè òkun?
Èmi náà ń gbà á. N kò kọ tèmi.
Mo kọ ti Halyna Prokopchuk, àjà kẹta,
ìyá arúgbó tó fi odidi ọdún kan
kọ́ ahọ́n rẹ̀ bí a ṣe ń pe Adégbìtẹ́,
tó sì pè é, níkẹyìn, láì fọ́ ọ.

Wọ́n ní aago mẹ́rin òru làwọn ń bọ̀.
Kí n ṣáà ṣílẹ̀kùn, káwọn má baà fi òòlù fọ́ ọ.
Mo rò ó wò: ilẹ̀kùn onílé ni, ta ni yóò san án?
Àgbékọ́ ilẹ̀kùn yẹn máa ń han bí ọmọ ológbò,
ọmọ-ọmọ ìyá náà sì ń sùn nínú yàrá kejì.
N kò fẹ́ kí ẹ̀rù ba ọmọ.
Ni mo bá gbé agolo epo nírọ̀lẹ́,
mo kán an sí i lẹ́ẹ̀mẹta.
Ìyá náà yọjú. Ó ní, «Adégbìtẹ́, o ṣeun,
ariwo yẹn ti ń dà mí láàmú tipẹ́.»
Ó fún mi ní bisikíìtì.

Ilẹ̀kùn náà kò dún rárá.

Láàárọ̀, mo kó yìnyín ẹnu ọ̀nà bí ìṣe mi.
Ipasẹ̀ bàtà ńlá, ipasẹ̀ bàtà ńlá,
ipasẹ̀ sálúbàtà kan láàárín wọn,
àti kékeré kan tí n kò wò lẹ́ẹ̀mejì.
Mo kó gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo da iyọ̀ sílẹ̀.
Rodel Macaraeg ti ìsàlẹ̀ jáde, ó ń lọ síbi iṣẹ́.
Ó wo ojú mi, ó wo ṣọ́bìrì,
ó ní, «Òtútù òní le o.»
Mo ní ó le.
Báyìí la ṣe tọwọ́ bọ̀wé, èmi àti òun.

Wọ́n ní bí àga ìyá náà bá wù mí, kí n gbé e.
Mo gbé e. Ó tura.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà
kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.
Ní kékeré, mo bi bàbá mi:
ẹni tó kàn na ọwọ́ lásán ńkọ́,
tí kò gun àkàbà, tí kò mọ ilé ẹni tó ni epo?
Kò dá mi lóhùn. Ó ní kí n lọ pọn omi.

Ìbídùn kì í bá mi sọ̀rọ̀ nípa àjà kẹta.
Kò jókòó lórí àga yẹn rí.
Ṣùgbọ́n lánàá, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀,
ó ń fi ọṣẹ àti omi gbígbóná
fọ epo kúrò lára àgbékọ́ ilẹ̀kùn tiwa.
Mo ní, kí lò ń ṣe?
Kò gbójú sókè.
Ó ní òun fẹ́ kó máa han.