Rọra

Kúkì ni orúkọ tó bá a wá nínú ìwé.
Bí mo bá sì ti pè é bẹ́ẹ̀, á tún kó ara rẹ̀ jọ,
bí ẹni pé pàṣán wà nínú orúkọ náà.
Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi gbé abẹ́ tábìlì ilé ìdáná mi
ní Wínípẹ́ẹ̀gì, lóṣù Èrèlé,
nígbà tí òtútù ń bu ènìyàn létí jẹ,
tí odò Réèdì ti di títì tí àwọn ọmọdé ń sáré lórí rẹ̀.

Èmi tí mo dàgbà nílé tí ajá kì í ti í kọjá ẹnu ọ̀nà,
tí a ń ju eegun sí i láti ojú fèrèsé,
tí bàbá mi sọ tirẹ̀ ní Ẹ-máa-wí-nìṣó
kí aládùúgbò kan lè máa gbọ́ ọ láràárọ̀:
n kò fọwọ́ kan etí ajá rí.

Mo gbé ọwọ̀ kí n fi gbá èérún búrẹ́dì.
Ajá tọ̀ sára.
Kò gbó, kò ké. Ó kàn tọ̀,
ó sì di ojú, ó ń dúró de ohun tó mọ̀.
Ìgbà náà ló tó yé mi pé ọwọ̀ ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀
níbi tó ti wá.
Mo gbé ọwọ̀ lọ sí gáréèjì.
Ó ku ọwọ́.

Baba Ostap tó múlé tì mí,
tó ti sin ajá mẹ́rin dàgbà,
tó sì sin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ igi ápù,
ní, "Má wò ó lójú. Kọ ẹ̀yìn sí i. Máa jẹun tìrẹ."
Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé,
n óò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, n óò kọ ẹ̀yìn sí ajá,
n óò na ẹran adìyẹ sẹ́yìn
bí ẹni tó ń yọ rìbá fún ọlọ́pàá.
Lọ́jọ́ kìíní, ẹran gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.
Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ èémí.
Lọ́jọ́ karùn-ún, imú tútù kan kàn mí ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì sá.
Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìlárá:
"Kí lò ń ṣe nílẹ̀ẹ́lẹ̀?"
"Mo ń dúró de ẹnì kan."
"Ta ni?"
Mo ní bátìrì fóònù mi fẹ́ kú.

Orí yìnyín la ti rí orúkọ.
Mo so okùn mọ́ ọn, a ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà Ostap lọ,
ilẹ̀ ń yọ̀, mo ń bá ẹsẹ̀ ara mi sọ̀rọ̀:
"Rọra. Rọra o. Rọra."
Ajá dúró. Ó bojú wẹ̀yìn. Ó wò mí
bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.
Mo tún un pè.
Ìrù rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan péré,
bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀.
Gbogbo àdúgbò ló ń pè é báyìí,
wọ́n ń gbé ohùn rẹ̀ gba ibi tí kò yẹ,
ó sì ń dá gbogbo wọn lóhùn.

Lóru ọjọ́ tí Màmá Sigrid kú mọ́ mi lọ́wọ́ nílé àwọn arúgbó,
mo délé, n kò lè bọ́ bàtà.
Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, yìnyín ń yọ́ lẹ́sẹ̀ mi, ó ń ṣàn lọ.
Rọra jáde lábẹ́ tábìlì láìpè,
ó gbé àgbọ̀n lé bàtà tútù náà.
Kò sí ẹran lọ́wọ́ mi.

Ẹ má bi mí bóyá ó ti gbàgbé.
N kò mọ ohun tí ajá ń gbàgbé.
Bí ọkùnrin gíga bá ń bọ̀, ó ṣì máa ń sá sẹ́yìn itan mi.
Ṣùgbọ́n lánàá, mo gbé ọwọ̀ wọlé láti gáréèjì.
Ó gbórí sókè.
Ó wo ọwọ̀, ó wo ọwọ́ tó dì í mú,
ó mí kanlẹ̀, ó tún gbé orí lélẹ̀.
Mo gbálẹ̀ yí i ká.