Àkísà Tellervo

Ní Oulu, lóṣù kejìlá, oòrùn kì í pẹ́ kó tó padà sílé.
Á yọjú bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́, á wò yíká, á lọ.
Ìgbà náà ni mo parí eré mi àkọ́kọ́,
eré ìtàn, irú èyí tí ẹni mẹ́rin ń jókòó ti tábìlì ṣe,
tí ọ̀kan á ní, "Ẹ ti dé etí odò,"
tí omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lẹ́sẹ̀ àwọn yòókù.

Mo ti lérí. Mo ní tèmi ò ní jọ ti ẹnikẹ́ni.
Oṣù mẹ́jọ ni mi ò fojú kan eré ẹlòmíràn,
kí òórùn wọn má baà lẹ̀ mọ́ mi lára.

Mo gbé e lọ sílé Tellervo Kokkoniemi,
ìyá arúgbó tó fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ojú irin,
tó jẹ́ pé ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀
á di olè, á di jagunjagun, á di ọba afọ́jú.
Jalmari wá, Inkeri wá, a bẹ̀rẹ̀.
Kò tó wákàtí kan, ìtàn dúró.
Ilẹ̀kùn kan ló wà níwájú wọn. Inkeri ju dáìsì: méjì.
Kò ṣí.
Jalmari ju tiẹ̀: mẹ́rin. Kò ṣí.
Inkeri tún un jù. Mo ń wo ojú dáìsì,
dáìsì ń wo ojú mi.
Jalmari dìde, ó lọ wá nǹkan jẹ nínú fíríìjì.
Ohun tí mo fi oṣù mẹ́jọ hun
kú sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí wọn ò dá lóhùn.

Tellervo ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù:
páálí lórí páálí, òmíràn ti ya, kọfí ti dà sí òmíràn.
Aṣọ tèmi lè tó tiẹ̀;
àkísà ni mi ò ní.

Ó fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ, okùn ni wọ́n fi rán ẹ̀yìn rẹ̀.
"Nínú èyí, bí ohun tó o jù bá kù díẹ̀ káàtó,
ilẹ̀kùn á ṣí. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ń dúró dè ọ́."
Ó fa òmíràn: kò ní dáìsì rárá,
ìṣáná lo máa ṣá, kó o sọ̀rọ̀ títí iná á fi kú.
Àpá rẹ̀ ṣì wà ní àtàǹpàkò rẹ̀.
Ẹ̀kẹta wúwo bí òkúta ìpìlẹ̀,
òfin fún òjò, òfin fún bàtà tó ń jò.
"A ò ṣe é dópin rí. Èyí ni kó o kà jù.
Ibi tí ẹlòmíràn ti ṣubú,
ibẹ̀ là ń gbẹ́sẹ̀ sókè."

Mo ní, "Ṣé kí n wá jalè ni?"
"Ẹni tó kọ́lé bàbá rẹ, ọwọ́ ta ló ti tọrọ ilẹ̀kùn?
Béèrè ohun tí òfin kan ń ṣe fún àwọn tó jókòó,
bóyá ó ń dẹ́rù bà wọ́n, bóyá ó ń mú wọn purọ́ fúnra wọn.
Ìyẹn ni kó o mú.
Fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín."

Mo wà níbẹ̀ títí yìnyín fi bo fèrèsé dé àárín.
Mo bá wọn ṣe eré mọ́kànlélógún.
Èyí tí mo kórìíra, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Lóṣù kẹfà, tí oòrùn kọ̀ tí kò fẹ́ lọ mọ́,
mo gbé tèmi padà wá. Ilẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀.
Inkeri ju méjì. Ó ṣí.
Àbúrò rẹ̀ tó ti sin ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, tòun ti fìtílà.
Kò sẹ́ni tó lọ sídìí fíríìjì.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ìwé òfin mi
lọ́wọ́ Vilja, ọmọ-ọmọ Tellervo, ọmọ ọdún mọ́kànlá.
Ó ti fi pẹ́ńsù fa ilà gba àárín òfin keje,
èyí tí mo fẹ́ràn jù,
ó sì kọ tirẹ̀ sí etí ìwé, lẹ́tà rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ.
Ó dùn mí díẹ̀.
Mo kà á.
Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n dà á kọ.