Ẹ̀wù Kan Láàárín Ẹni Mẹ́ta

Ẹ̀wù ayẹta kan ṣoṣo la ní, àwa mẹ́ta.
Kì í ṣe ayẹta inú ìtàn, tí ọta ń pàdé tó ń domi.
Irin ni, aṣọ ni, òórùn òógùn ẹni mẹ́rin ni.
Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn Nashwan là ń fi kọ́,
lórí ìṣó tí bàbá rẹ̀ ń fi agboòrùn kọ́ sí
nígbà tó jẹ́ pé òjò nìkan là ń sá fún ní Taiz.

Ajé àti Ìṣẹ́gun jẹ́ ti Nashwan.
Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, Ilham ló ni ín.
Àbámẹ́ta àti Àìkú, èmi.
Ẹtì ò ní olówó.
A ní bóyá ìbọn náà á lọ kírun Jímọ̀.

Ẹni tó wọ̀ ọ́ kó tó kàn wá sanra jù wá lọ.
Ó fi bírò dúdú kọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí igbá àyà:
lẹ́tà O, àmì ìròpọ̀.
Ti Ilham kọ́. Tèmi kọ́.
A ò pa á rẹ́; a ò mọ ti ta ni ká kọ rọ́pò.
Irin wà níwájú, kò sí lẹ́yìn, ẹnìkan ti yọ ọ́ tà,
nítorí náà ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ò gbọdọ̀ sá,
àfi kó máa fẹ̀yìn rìn
bí ẹni tó ń kúrò níwájú ọba.

Olóòtú kan wà ní ìlú òtútù, n ò mọ ojú rẹ̀.
"Ṣọ́ra o," ni yóò kọ́kọ́ kọ.
Lẹ́yìn náà: "Èyí dára, ṣùgbọ́n a ti ní irú ẹ̀.
Ṣé kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀?"
Àwòrán kan, àádọ́ta dọ́là.
Yọ owó Abdulwali tó ń fi oòrùn ṣáàjì bátìrì wa,
yọ epo alùpùpù,
yọ ti ẹni tó ń bá wa gba owó náà, tó ń bù ú jẹ lọ́nà bí eku.
Ohun tó kù, ìyàwó mi á fi ra ìyẹ̀fun,
á ní, "Kí lo yà lónìí?"
Mo máa ń ní, "Òkè ni."
Irọ́ kọ́. Òkè Sabir wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀,
ó tutù, ó dúró, bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni àdó olóró bọ́ sí ilé búrẹ́dì Muqbil.
Kí eruku tó wálẹ̀, a ti pàdé lẹ́nu ọ̀nà Nashwan,
kámẹ́rà lọ́rùn, bàtà ò tíì wọ̀ mí lẹ́sẹ̀ tán.
"Ìwọ wọ̀ ọ́, ìwọ lo lọ́mọ."
"Ìwọ wọ̀ ọ́, ìyá rẹ ò ní ẹlòmíì."
Ilham ní, "Ẹ̀yin ni kí ẹ wọ̀ ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré sá."
Ẹ̀wù ń lọ, ẹ̀wù ń bọ̀,
bí ẹran ìkẹyìn nínú àwo
tí ojú ń ti gbogbo ènìyàn láti mú.
A ṣì ń ṣe ọmọlúàbí lọ́wọ́
nígbà tí èkejì bọ́ sójú ibẹ̀ gan-an,
níbi tí à bá dúró sí.

Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.
Nashwan fi ẹ̀wù kọ́ padà, ó ń tún èjìká rẹ̀ ṣe
bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn aláìsàn.

Ọmọ tó ń gbé búrẹ́dì kiri ló ya àwòrán náà,
pẹ̀lú fóònù tó ti là lójú.
Kò gba kọ́bọ̀. Kò kúkú mọ̀ pé wọ́n ń rà á.
Lálẹ́, olóòtú kọ̀wé: "Níbo lẹ wà?"
Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ:
"À ń bára wa sọ̀rọ̀ ni."

Àbámẹ́ta. Ó kàn mí.
Shatha ọmọ mi fi ìka gbá irin àyà mi,
kó, kó, kó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn:
"Ta ló wà nínú ilé?"
Tíì ṣì ń gbóná nínú ife. Alùpùpù ti ń ké níta.
Mo ronú díẹ̀ kí n tó dá a lóhùn.