Nọ́ńbà Kẹtàdínlógójì

Mọ́tò ilé iṣẹ́ máa ń gbé wa ní Kámpù láago mẹ́fà ààbọ̀,
kí oòrùn tó ta sórí páànù Ọ̀bàntókò.
A ó kí ara wa, a ó tún sùn padà.
Ọdún kọkànlá rèé tí èmi àti obìnrin oníbàtà búlúù ti ń jókòó pọ̀:
n ò mọ orúkọ rẹ̀.
Ẹ̀ka Erùpẹ̀ ló wà, èmi wà ní Ẹ̀ka Kòkòrò;
láàárín wa, ilé alájà mẹ́ta, géètì méjì, fọ́ọ̀mù aláwọ̀ mẹ́rin.

Bí ìyá mi ní Ìtòkò bá bi mí pé,
"Àbọ̀sẹ̀dé, kí lo tilẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"
mo máa ń ní, "Mò ń ka eṣinṣin, màámi."
"Eṣinṣin?"
"Funfun. Wẹ́wẹ́. Abẹ́ ewé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbé."
Ó wò mí títí.
"Wọ́n wá ń sanwó fún ọ?"
Wọ́n ń san án, bí oṣù bá wọnú oṣù.

Ewé márùn-ún lórí igi kan, igi mẹ́wàá lórí ìlà kan, ogójì ìlà.
Mo dì í mú nídìí bí ẹní di etí ọmọ tó ń sùn mú,
mo yí i padà wẹ́rẹ́,
nítorí bó bá gbọ̀n, wọn á fò,
iye tí mo kọ á di irọ́.
Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ nìyẹn,
kí n má gbọ̀n, kí n má purọ́,
ó sì gbà mí lọ́dún mẹ́ta.

Bí mo bá kọ ọ́ tán, ìwé á gòkè.
Dókítà Ṣórẹ̀mẹ́kún á fọwọ́ sí i, á tún gòkè sí i,
á dé ibi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń ta ni nímú,
níbi tí wọ́n ti ń pe ẹ̀gẹ́ ní gbágùúdá,
tí wọ́n ń pe òjò ní "ìwọ̀n omi".
N ò dé ibẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n bá wọn gbé àga.

Nọ́ńbà kẹtàdínlógójì. Hẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ tirẹ̀.
Eṣinṣin kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ewé rẹ̀ ṣókí, ó pupa díẹ̀ lọ́rùn.
Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọ òdo, òdo, ẹyọ kan, òdo.
Mo máa ń kí i láàárọ̀, kí n má tàn yín.
Lọ́jọ́ kan ìwé sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, gbólóhùn méjì péré:
Ẹ hú u dànù. Kò tó ìwọ̀n.
Èmi ni mo mú un lọ bá Húnsù, olórí àwọn lébìrà.
Ó wo ìwé, ó wo igi, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan.
Nírọ̀lẹ́, ìlà náà ti di ilẹ̀ pupa lásán.
Mo fa igi lé nọ́ńbà náà lórí.
N ò sunkún. Ta ní ń sunkún ẹ̀gẹ́?

Ó ti tó ọdún márùn-ún.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, táyà ọ̀kadà tó gbé mi jò lẹ́yìn Òdèdá.
Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kan.
Ọwọ́ mi, ó ti mọ́ ọn lára,
ló bá di ewé kan mú nídìí, ó yí i padà wẹ́rẹ́.
Òdo.
Mo wo ọrùn rẹ̀.
Mo bi obìnrin tó ń roko níbẹ̀ pé irú ẹ̀gẹ́ wo nìyí.
"Àwọn Ègùn kan ló kó igi rẹ̀ wá tà fún wa.
Kì í tóbi, ṣùgbọ́n láfún rẹ̀ máa ń funfun báláú.
Ọ̀gá-ò-fẹ́ là ń pè é."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, obìnrin oníbàtà búlúù kí mi, mo kí i.
Ó ti fẹ́ dijú.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"