Ọkọ̀ Aago Mẹ́ta

Èmi ni mo kọ ọ́, ojú mi ni kó kọ́kọ́ tì.
Oṣù mẹ́fà ni mo fi jókòó ti tábìlì ìdáná
tí mo ń wọn omijé sílẹ̀ de ojú ọmọ ọlọ́mọ.

Erékùṣù wa ní ìpẹ̀kun Skọ́tíláǹdì kò ju igba ènìyàn lọ.
Àgùntàn pọ̀ jù wá, atẹ́gùn pọ̀ ju àgùntàn.
Owó fíìmù kò sí. Ohun tó wà lọ́wọ́ la dá jọ:
Murdo tú iná iwájú katakata rẹ̀ wá,
Peigi ilé ìfìwéránṣẹ́ fi kọ́tínì rán ẹ̀wù atukọ̀,
a so makirofóònù mọ́ orí igi ìgbálẹ̀,
àlùfáà ló gbé e lọ́wọ́, apá rẹ̀ ń gbọ̀n
bí ẹni tó fẹ́ gbá ẹsẹ̀ ọ̀run.

Torquil ni òṣèré wa.
Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé kan, èjìká bí ilẹ̀kùn.
Ọjọ́ tí wọ́n bí i, dókítà ní ẹyọ kan ló lé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀,
ó ní Dáùn ni wọ́n ń pè é,
ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń túfọ̀.
Oighrig ìyá rẹ̀ ní, "Ó lé ni, àbí ó dín?"
Dókítà ní ó lé.
"Ẹ gbé èlé mi fún mi, ká máa lọ sílé."

Ọjọ́ kìíní, ó wo inú kámẹ́rà, ó juwọ́.
Ọjọ́ kejì, ó tún juwọ́.
Seonag tó di kámẹ́rà mú ní, "Torquil, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."
Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Lẹ́yìn ìyẹn ó mọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó mọ ti gbogbo wa.
Bí Murdo bá gbàgbé, ètè Torquil a mì díẹ̀,
a rọra ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu
bí ẹni ń fún ọmọ àgùntàn ní wàrà.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn: ọkọ̀ ti lọ,
ó dúró lórí èbúté nínú òjò, ó ń sunkún,
kámẹ́rà ń fà sẹ́yìn títí tó fi kéré bí ìpẹ́ ẹja.

Òjò rọ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. A ní ó yá.
Ó yíjú sí mi: "Kí ló ń pa mí lẹ́kún?"
Mo ní ọkọ̀ ti fi ọ́ sílẹ̀.
"Òmíràn ń bọ̀ láago mẹ́ta."
Mo ní nínú fíìmù, kò sí òmíràn.
Ó wò mí bí a ṣe ń wo àlejò
tó ń béèrè bóyá òkun jìn.
"Ọjọ́bọ̀ ni. Èmi ni mo máa ń so okùn ẹ̀."

Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń so ó.
Kò sẹ́ni nínú wa tí okùn ọwọ́ rẹ̀ kò tíì fà gúnlẹ̀,
èmi náà, pẹ̀lú àpótí mi, lóru ìjì,
èmi tí mo kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n fi í sílẹ̀.

Ó bá jókòó lórí òpó irin,
ó tú búrẹ́dì tí ìyá rẹ̀ dì fún un, wàràkàṣì àti àlùbọ́sà,
ó ń jẹ, ó ń wo omi.
Ẹyẹ òkun kan bà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó já etí búrẹ́dì fún un.
Àlùfáà gbàgbé ara rẹ̀, orí rẹ̀ wọnú àwòrán,
ó ṣì wà níbẹ̀ di òní.
Seonag kò pa kámẹ́rà. Ọlọ́run bá mi kẹ́ ẹ.

Gbọ̀ngàn ìjọ, Oṣù Kejìlá, aṣọ ìbùsùn Peigi lára ògiri.
Torquil wà níwájú, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ sókè,
ọ̀rọ̀ kan ṣíwájú ẹnu tó wà lára ògiri.
Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.
Nígbà tó kan búrẹ́dì, a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, a dákẹ́,
nítorí láti ẹ̀yìn òjò, fèrè ọkọ̀ kan dún.
Mi ò kọ fèrè kankan.

Torquil dìde lórí àga, ó na ọwọ́ méjèèjì fún okùn.
Oighrig ní, "Jókòó jàre, o ti dí wa lójú."