Ojú Kò Rí Inú Ìgò

Aago márùn-ún ìdájí ní Duluth.
Adágún ńlá ti dì bí ẹ̀kọ nínú abọ́.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, mo ṣí ilé ìwòsàn,
mo kí fíríìjì kí n tó kí ènìyàn.

Tẹmómítà ní: ìwọ̀n mẹ́ta nísàlẹ̀ òdo.
Méjì sí mẹ́jọ ni ìwé wí.
Bóyá ẹnì kan ló yí bọ́tìnnì lánàá,
bóyá kò sẹ́ni tó yí i; ẹ̀rọ náà ti dàgbà,
ó ń ráhùn lóru bí ẹni tí egungun ń dùn.

Ìgò ínsúlíìnì mọ́kànlélógójì.
Mo gbé ọ̀kan sókè síná: ó mọ́ gaara,
bí omi àmù àárọ̀.
Ṣùgbọ́n ó dì lóru, ó sì ti yọ́ padà,
agbára inú rẹ̀ ti bá òru lọ.
Àwọn àgbà ní oògùn tí kò jẹ́, ewé kan ló kù.
Èyí, ewé rẹ̀ pé.
Òtútù ló jẹ ẹ́ kó tó jẹ́.

Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ìkìrun,
páànù lórí wa, oòrùn lórí páànù.
Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yóò mú abẹ fẹ́lẹ́,
yóò máa ha ọjọ́ kúrò lára páálí,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ha ìpẹ́ ẹja.
Èmi ni mo ń di fìtílà mú.
“Oògùn kì í kú,” ni yóò wí, “ènìyàn ló ń kú.”
Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́
títí ibà fi mú Ṣíjúadé, ọmọ ojúlé kejì,
tó mu kóró wa lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.
N kò ní sọ ìyókù.

Aago méje, Verner Lindqvist ti dé,
fìlà lórí orúnkún, yìnyín lára bàtà.
Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ló ti ń pín abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí méjì,
ìdajì fún òní, ìdajì fún ọ̀la,
nítorí owó ilé, nítorí owó iná.
Ó rí mi pẹ̀lú garawa pupa.
Ó ní, “Ọmọ mi, yọ ẹyọ kan fún mi.
Ojú mi kò rí àléébù kankan lára rẹ̀.”

Ojú tèmi náà kò rí i.

Mo ti pe ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì afárá.
Wọ́n ní ọkọ̀ ń bọ̀, tí wọ́n bá ti kó yìnyín ojú ọ̀nà.
Ó ń wo aago. Mo ń ju ìgò,
ọ̀kan, òmíràn, wọ́n ń dún gbìn-ìn nísàlẹ̀ garawa,
ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n
bí ọwọ́ ọmọ tó di fìtílà mú.